Ìfófó ń tú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ìfọṣọ, ilẹ̀kùn ò ṣí, ẹ gbà mí o!

Àbúrò Luton: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo gbé! Ẹ̀rọ ìfọṣọ ń bì. Ìfófó ń gba ẹnu àpótí ọṣẹ jáde, ó ti dé ìdí fíríìjì. Mo tẹ̀ ẹ́ kó dúró, ó dúró, àmọ́ ilẹ̀kùn ò ṣí. Bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì funfun méjì àti bùbá àdìrẹ kan ló wà nínú ẹ̀, 60 dígírì ni mo fi sí. Ṣé kí n fi ọ̀bẹ já ilẹ̀kùn yẹn ni? Àdìrẹ yẹn ńkọ́? Lánlọ́ọ̀dù sì ń bọ̀ lọ́la.

Alágbàfọ̀ Manchester: Gbé ọ̀bẹ sílẹ̀! Pa iná rẹ̀ lára ògiri. Àgádágodo inú ilẹ̀kùn yẹn kì í tú lójú ẹsẹ̀, ìṣẹ́jú 1 sí 3 lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá dákẹ́ ló máa ń tú. Tí omi bá sì ti ga dé ẹnu ilẹ̀kùn, kò ní ṣí rárá àfi tí omi bá lọ. Bí o bá fipá fà á, ìkọ́ ike tó wà lẹ́yìn ọwọ́ ilẹ̀kùn ló máa kán. Ẹni tó bá ti ra ìkọ́ yẹn rí kì í fà á mọ́.

Ìyá Ìbejì Glasgow: Ẹ̀gbọ́n, mélòó lẹ ti rà?

Alágbàfọ̀ Manchester: Méjì. Ẹ jẹ́ ká gbájú mọ́ àbúrò wa.

Ẹ̀gbọ́n Peckham: Ọṣẹ wo lo lò? Má purọ́.

Àbúrò Luton: Ọṣẹ ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń fọ̀ lọ́wọ́ nílé ni, ẹ̀gbọ́n mi kan ló kó o wá. Ife kan ni mo dà sí i.

Ẹ̀gbọ́n Peckham: Ife wo? Ti tíì àbí ti omi?

Àbúrò Luton: Ti omi, sà.

Ìyá Ìbejì Glasgow: Yéè!

Alágbàfọ̀ Manchester: Ẹ má pa á lẹ́rìn-ín, kò sí ẹni tí kò ṣe é rí. Ọṣẹ ìfọwọ́fọ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó máa hó ni, torí ẹni tó ń gbo aṣọ lọ́wọ́ ò gbà pé aṣọ ń mọ́ tí kò bá rí ìfófó. Ti ẹ̀rọ ní èròjà tó ń pa ìfófó nínú. Omi díẹ̀ báyìí ni ẹ̀rọ ẹlẹ́nu iwájú ń lò. Ó ń gbé aṣọ lọ sókè, ó ń jẹ́ kó já wálẹ̀, ìjáwálẹ̀ yẹn gan-an ni gbígbo. Tí ìfófó bá kún inú dírọ́ọ̀mù, bíi kí aṣọ máa já sórí ìrọ̀rí ni. Ariwo lásán. Aṣọ ò mọ́, ọṣẹ ò sì ṣan kúrò.

Bọ̀dá Houston: Ṣé ìyẹn náà tó pariwo lé? Tẹ Rinse tó ń ṣan aṣọ, tẹ Rinse, tẹ Rinse. Á tán.

Alágbàfọ̀ Manchester: Ẹ̀gbọ́n, kò ní tán. Pọ́ǹpù omi ni wọ́n fi síbẹ̀, kì í fa afẹ́fẹ́. Tí ìfófó bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á kàn máa kùn ni, kò ní gbé nǹkan kan jáde. Ẹ jẹ́ kó jókòó fún ìdajì wákàtí sí wákàtí kan láìfọwọ́ kàn án. Ìfófó á wó lulẹ̀, á di omi. Ìgbà yẹn ni kó tan iná padà, kó yí i sí Drain tó ń da omi nù tàbí Spin tó ń yí aṣọ fún omi, èyí tó kéré jù, kó lè fa omi yẹn jáde.

Ẹ̀gbọ́n Peckham: Fínígà! Ife fínígà funfun kan sínú àpótí ọṣẹ, ká lọ sùn.

Ìyá Ìbejì Glasgow: Fínígà kẹ̀? Softener ni, omi tó ń mú aṣọ rọ̀ yẹn. Ṣíbí ìjẹun kan, pò ó mọ́ ìdajì lítà omi, dà á sí ojú àpótí tí wọ́n kọ II sí. Ó wà nínú ìwé tí wọ́n fi ń ta ẹ̀rọ, àmọ́ ta ló ń kà á? Ọ̀tá ni softener àti ìfófó, bí wọ́n bá ti pàdé, ìfófó á sá. Kó má ṣáà lò ó fún aṣọ eré ìdárayá tàbí aṣọ tí wọ́n kó ìyẹ́ ẹyẹ sínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Peckham: Fínígà náà ń pa á. Gbogbo ayé ló ń lò ó.

Alágbàfọ̀ Manchester: Gbogbo ayé náà ló ń pààrọ̀ rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀kan ò pa á, ojoojúmọ́ ló ń jẹ ẹ́.

Àbúrò Luton: Ẹ má bínú o, ó kù ohun kan tí mi ò sọ. Mo kán bílíìṣì díẹ̀ sí i nítorí ṣíìtì funfun yẹn.

Ìyá Ìbejì Glasgow: HÀÀ!

Alágbàfọ̀ Manchester: Ẹ gbé fínígà kúrò ńlẹ̀ o! Bílíìṣì àti fínígà kì í pàdé nínú ilé. Gáàsì chlorine ló ń ti ibẹ̀ jáde, ó ń gún nímú, ó ń fún ọ̀nà ọ̀fun pa. Ṣí fèrèsé kíṣìnnì báyìí. Má fi ohunkóhun kún un, softener náà kó ní sùúrù, kí omi bílíìṣì jáde tán ná.

Ẹ̀gbọ́n Peckham: Kò sọ bílíìṣì fún mi. Ṣé èmi ni babaláwo?

Ìyá Ìbejì Glasgow: Ẹ kọ́kọ́ bi í ní ohun tó wà nínú ẹ̀ kí ẹ tó kọ oògùn fún un. Dókítà Peckham.

Àbúrò Luton: Ó ti pé ìdajì wákàtí. Ìfófó ti lọ sílẹ̀. Mo tan Drain, ó ń kùn, omi ò lọ.

Alágbàfọ̀ Manchester: Pa iná. Wo ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ níwájú, lọ́wọ́ ọ̀tún lọ́pọ̀ ìgbà, ilẹ̀kùn kékeré kan wà níbẹ̀. Kó aṣọ ìnura méjì sílẹ̀, kí o sì wá àwo tó fẹ̀ tí kò ga, torí abọ́ gíga ò ní wọ abẹ́ ibẹ̀. Fọwọ́ kan gíláàsì ilẹ̀kùn ńlá: tó bá ṣì gbóná, DÚRÓ. Omi 60 dígírì á bó ẹ lọ́wọ́. Tó bá ti tutù, wá rọ́bà tín-ín-rín kan nínú ilẹ̀kùn kékeré yẹn, fà á síta, yọ ìdérí rẹ̀, jẹ́ kó máa ṣàn sínú àwo. Tí tìẹ ò bá ní rọ́bà, orí fílítà ni wàá yí sọ́wọ́ òsì, díẹ̀díẹ̀, bí omi bá kún àwo, yí i padà sọ́wọ́ ọ̀tún, lọ dà á nù, padà wá. Má yọ ọ́ pátá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tí omi bá tán lo lè yọ fílítà náà. Wo inú ihò rẹ̀, wàá rí abẹ̀bẹ̀ ike kékeré kan tó ń yí, fi ìka yí i wò. Tí kò bá yí, nǹkan ló há síbẹ̀.

Bọ̀dá Houston: Wáyà inú kọ́mú. Ẹ jẹ́ ká tẹ́tẹ́ lé e.

Ẹ̀gbọ́n Peckham: Pẹ́ńsì. Pẹ́ńsì ni ní ìlú yìí.

Àbúrò Luton: Ìbọ̀sẹ̀ ọmọ kan, owó ẹyọ méjì, píìnì irun 1. Abẹ̀bẹ̀ yẹn ti ń yí!

Bọ̀dá Houston: Ìbọ̀sẹ̀! Òun ló jẹ gbogbo wa.

Alágbàfọ̀ Manchester: Ó dáa. Dá fílítà padà kó le dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi tuntun á tú síbẹ̀. Rinse láìsí ọṣẹ, lẹ́ẹ̀kan. Ìkejì, softener Ìyá Ìbejì. Ìkẹta, wo gíláàsì: tí o bá ṣì rí ìfófó tó nípọn, ó ku ọ̀kan. Lọ́jọ́ iwájú, ọṣẹ ẹ̀rọ ni, iye tí páálí rẹ̀ bá sì kọ ni. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ wà fún ẹrù kílò 4 sí 5. Ẹrù àbọ̀, dín in kù. Aṣọ nínú dírọ́ọ̀mù, ọwọ́ rẹ gbọ́dọ̀ lè dúró ní òró láàárín aṣọ àti òkè dírọ́ọ̀mù. Ìyẹn ti òwú. Ti polyester, ìdajì péré.

Ìyá Ìbejì Glasgow: Ẹ rántí sọ fún un pé ará Luton ni o. Omi wọn le, ẹfun ló kún inú rẹ̀. Ohun tí páálí bá kọ fún omi líle ló máa lò. Àwa tí omi wa rọ̀, díẹ̀ ló tó wa.

Ẹ̀gbọ́n Peckham: Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Glasgow: Láti 1859 la ti ń mu omi adágún Loch Katrine. Kẹ́tùlù wa ń dán. Ẹ ya kẹ́tùlù Peckham wá ká rí i.

Alágbàfọ̀ Manchester: Adágún Thirlmere làwa, láti 1894. Àwa náà ò ní ẹfun. Ẹ̀yin ará London, ẹfun ti há sínú páìpù yín. Ẹ máa da nǹkan bíi 100 gíráàmù citric acid, ìyẹ̀fun kíkan tó ń yọ ẹfun, sínú dírọ́ọ̀mù òfìfo lóòrèkóòrè, 60 dígírì, tí ìwé ẹ̀rọ yín bá gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń gbé omi gbóná ni ẹfun ń dì mọ́.

Bọ̀dá Houston: Ẹ̀yin ará UK, ẹ ń fọ aṣọ ní kíṣìnnì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọbẹ̀, ẹ wá ń bá ara yín jà lórí omi. Ẹ̀rọ tiwa ní yàrá tirẹ̀. Ó ń fa omi gbígbóná tààrà, kì í tó wákàtí kan.

Ẹ̀gbọ́n Peckham: Ọ̀pá àárín ẹ̀rọ ẹlẹ́nu òkè yẹn kọ́, tó ń lọ́ aṣọ bí ẹní fún gàrí?

Ìyá Ìbejì Glasgow: 😂 Ètò ìfọṣọ Eco 40-60 tiwa ń gba ju wákàtí mẹ́ta lọ, òótọ́ ni. Omi gbígbóná ló ń jẹ iná jù, ìdí nìyẹn tó fi ń rọra gbo ó pẹ́, kó má baà gbé omi gbóná púpọ̀.

Bọ̀dá Houston: Wákàtí mẹ́ta! Ìyá mi á ti fọ̀ ọ́, á ti ṣan án, á ti sá a, á ti lọ̀ ọ́, á ti wọ̀ ọ́ lọ òde.

Ẹ̀gbọ́n Peckham: Àti nígbà ọyẹ́! Kí o tó dé ìparí okùn, èyí tí o kọ́kọ́ sá ti gbẹ.

Alágbàfọ̀ Manchester: Níbí, ọjọ́ mẹ́ta lórí radiator, ògiri á bu. Ẹ ṣí fèrèsé tí ẹ bá ń sá aṣọ sínú ilé, kí ẹ sì fi Spin 1,400 (iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan) kún un kí ẹ tó sá ti òwú, ohun tí omi inú rẹ̀ bá kéré kò ní fìyà jẹ ilé.

Ìyá Ìbejì Glasgow: Ohun tó ń wù mí ni ariwo yẹn. Òjò bá ṣú, gbogbo àdúgbò á máa ké, "Ẹ ká aṣọ o! Ẹ ká aṣọ o!" Ẹni tí kò sí nílé gan-an, wọ́n á bá a ká a, wọ́n á kó o sórí bẹ́ǹṣì.

Bọ̀dá Houston: Wọ́n á wá ka ìyẹn tó ya.

Àbúrò Luton: Ẹ kú akitiyan o, ilẹ̀kùn ti ṣí! Ṣíìtì ti di búlúù.

Ẹ̀gbọ́n Peckham: Má jẹ́ kó gbẹ! Fi í sínú omi tutù ná, ọṣẹ ìyọ-àwọ̀ wà lórí igbá ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta ọṣẹ.

Àbúrò Luton: Àdìrẹ náà ńkọ́? Ó ní ojú funfun kan níbi tí bílíìṣì kán sí.

Ìyá Ìbejì Glasgow: Ta ló ní ìyá tó mọ aró nínú gbogbo wa níbí?

Bọ̀dá Houston: Ará Abẹ́òkúta, ẹ dáhùn o.

Àbúrò Luton: Lánlọ́ọ̀dù náà ńkọ́?