Bí a ṣe to ọ̀rọ̀ àti ìrántí aláìsàn ọpọlọ: kí lojú yín ti rí?

Akẹ́kọ̀ọ́ Wọ́ọ̀dù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Saikọ́lọ́jì ni mò ń kọ́, wọ́ọ̀dù aláìsàn ọpọlọ ni mo sì wà báyìí. Ọ̀gá wa ní kí n máa ka ọ̀rọ̀ sí wọn létí, kí wọ́n sọ èyí tí wọ́n bá rántí. Mo máa kọ́kọ́ ka èyí tó dàrú: lánàá, iṣu, ìyá, gún, ọjà, bàbá, rà. Lẹ́yìn náà ni mo máa ka irú èyí: Bàbá ra iṣu lọ́jà lánàá, ìyá sì gún un. Èmi àti ẹ̀yin, ìkejì ló máa tètè dúró lórí wa, torí ọ̀rọ̀ kan ń fa èkejì lọ́wọ́. Àwọn olùwádìí méjì, Miller àti Selfridge, fi èyí hàn ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1950.

Arákùnrin kan tó ní schizophrenia, àìsàn ọpọlọ tó máa ń da èrò èèyàn rú, ló yà mí lẹ́nu. Nínú ọ̀rọ̀ tó dàrú, kò fi bẹ́ẹ̀ rẹ̀yìn ju àwa tí ara wa dá lọ. Àmọ́ nígbà tí mo sọ ọ́ di gbólóhùn, iye tó rántí kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Ọ̀gá mi kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn olùwádìí mẹ́ta, Lawson, McGhie àti Chapman, ti rí irú rẹ̀ lọ́dún 1964. Orí rẹ̀ ń gba ọ̀rọ̀. Ètò inú gbólóhùn ni kò ràn án lọ́wọ́ tó bó ṣe ń ran àwa lọ́wọ́. Ta ló tún ti rí i?

Ìyá Ìbejì

Àbúrò, o ṣeun. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lo ń sọ yìí! Tí mo bá ní, "Bí ẹ bá ti jẹun tán, kí ẹ tó wẹ̀, ẹ lo oògùn yín," wọ́n á kàn máa wò mí ni. Tí mo bá tún bi wọ́n, ìwẹ̀ nìkan ni wọ́n máa rántí. Ní báyìí, bí nǹkan ṣe máa tẹ̀ léra ni mo ń sọ ọ́. "Ẹ jẹun." Màá dúró. Tí wọ́n bá jẹun tán, "Ẹ lo oògùn." Ìwẹ̀ á wá kẹ́yìn. Àmọ́ ẹ gbọ́ o: oríkì Ìkòyí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọn kì í ṣì í! Báwo ni ti ìyẹn ṣe jẹ́?

Nọ́ọ̀sì Birmingham

Mà, oríkì ti mọ́ wọn lára láti kékeré, ó ti wà nílẹ̀ ní títò. Ti oògùn àárọ̀ yìí, ọpọlọ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tò ó ni. Kì í sì í ṣe schizophrenia nìkan. Mo rí i lára àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn dá dúbúlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù wa níbí.

Ṣùgbọ́n kí a má di gbogbo ẹ̀ ru àìsàn. Ṣé wọ́n ń lo Artane, oògùn tí wọ́n máa ń fún wọn nítorí ọwọ́ tó ń gbọ̀n? Ó lè dí ìrántí lọ́wọ́, pàápàá fún àgbàlagbà. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o, dókítà ni kẹ́ ẹ bi.

Ìyá Ìbejì

Artane wà níbẹ̀ lóòótọ́, àárọ̀ àti ọ̀sán. Màá bi wọ́n ní klíníìkì.