Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ físíìsì òde òní fúnra mi?

Oníṣẹ́ Sólà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ físíìsì níbí. Iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń gun òrùlé so pánẹ́ẹ̀lì. Lọ́jọ́ kan oníbàárà bi mí pé báwo ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń di iná, mo dákẹ́ lọ gbári, ó sì dùn mí gan-an. Mo ṣe físíìsì ní sẹ́kọ́ńdìrì, àmọ́ ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Mo ti wo fídíò títí lórí YouTube, kúáńtọ̀mù, rẹlatífítì, tí mo bá wò ó tán màá ní ó ti yé mi, tílẹ̀ bá mọ́ mi ò lè ṣàlàyé ẹ̀ fẹ́nì kankan. Ìwé wo ni mo lè kà tí ò ní gbà mí lówó púpọ̀? Alẹ́ nìkan ni mo ń ráyè, bíi wákàtí kan.

Tíṣà SS3:
Ẹ pa fídíò yẹn tì ná. Wọn ò burú o, àmọ́ ẹni tó ń wo ibi tí wọ́n ti ń se ọbẹ̀ ò tíì jẹun. Bírò àti ìwé ni físíìsì. Ẹ lọ dáńlóòdù University Physics Volume 3 ti OpenStax, ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa ná dátà sí i. Tẹ́ ẹ bá dé orí 6 ẹ má kàn kà á, ẹ ṣírò ẹ̀. Lọ́dún 1905 Einstein ní ìmọ́lẹ̀ máa ń wá ní hóró-hóró, òun la wá ń pè ní photon. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ agbára photon kan, ẹ fi wavelength ẹ̀ (bí ìgbì ìmọ́lẹ̀ náà ṣe gùn tó) ní nanometer pín 1240, iye eV lẹ máa rí, ìyẹn electron-volt tá a fi ń wọn agbára nǹkan kéékèèké. Iná pupa 620 nm, 2 eV. Irin sodium sì ń fẹ́ bíi 2.3 eV kí electron tó lè kúrò lára ẹ̀, torí náà kẹ́ ẹ tan iná pupa yẹn kó mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán gangan, ìkankan ò ní jáde. Ẹ wá mú 400 nm, 3.1 ni, electron jáde, 0.8 tó ṣẹ́ kù ló fi ń sáré.

Ọmọ Físíìsì 200L:
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni tíṣà sọ, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo mátíìsì. Èmi fò ó, mo sì padà wá bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Calculus wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Khan Academy. Fún rẹlatífítì tiẹ̀, square root ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Ẹ wo muon, hóró kan tó kéré ju átọ́ọ̀mù lọ, nǹkan bíi kìlómítà 15 lókè ló ti ń wá, 2.2 microsecond péré ló sì máa ń lò kó tó kú, tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ lásán kò yẹ kó rìn ju 660 mítà lọ, síbẹ̀ ó ń délẹ̀. Ẹ fi eré ẹ̀, 0.999 eré ìmọ́lẹ̀, sínú fọ́múlà rẹlatífítì tó ń sọ bí àkókò ṣe ń falẹ̀, àkókò ẹ̀ á di ìlọ́po 22, ẹ fi 660 sọ ọ́ di púpọ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Alẹ́ ọjọ́ tí mo rí i pé ó bára mu, mo pariwo jí ẹni tá a jọ ń gbé yàrá. Ìwé Feynman, onímọ̀ físíìsì yẹn, náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí sáìtì Caltech, àmọ́ ẹ jẹ́ kó di ìwé kejì, ó dùn débi pé èèyàn á rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. PhET ti Yunifásítì Colorado, sáìtì téèyàn ti lè fi kọ̀ǹpútà dán físíìsì wò, náà dáa, ẹ wá "Photoelectric Effect" níbẹ̀, ìyẹn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń lé electron jáde tí tíṣà sọ, ẹ lo kọ̀ǹpútà.

Oníṣẹ́ Sólà:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo dán an wò lálẹ́ àná. Mo rí i pé 1.1 eV ni silicon tí wọ́n fi ṣe pánẹ́ẹ̀lì ń fẹ́ kí electron inú ẹ̀ tó lè gbéra, mo fi pín 1240, ó fún mi ní bíi 1127 nm. Ṣé pé ìmọ́lẹ̀ tí wavelength ẹ̀ bá gùn ju ìyẹn lọ ò wúlò fún pánẹ́ẹ̀lì mi rárá nìyẹn?

Tíṣà SS3:
Bẹ́ẹ̀ ni o! Ẹ wá wo òdìkejì ẹ̀: photon 400 nm gbé 3.1 wá, 1.1 ló tó fún un, èyí tó kù ń di ooru nínú silicon, ó wà lára ohun tó ń mú kí pánẹ́ẹ̀lì gbóná lọ́wọ́ yín lọ́sàn-án. Orí 9 ìwé OpenStax yẹn ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ semiconductor, ìyẹn irú nǹkan bíi silicon, ibẹ̀ ni ìdáhùn oníbàárà yín wà. Ibi tó bá ti lọ́ yín, ẹ kọ ọ́ síbí.