New York sí Los Angeles: èwo ni iye wákàtí gan-an, nínú bàálù àti lójú títì?

Ìbéèrè (Ọmọ Arìnnà)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń múra àtilọ sí Los Angeles láti New York, a kò sì tíì fẹnu kò bóyá bàálù la máa wọ̀ tàbí a máa wa ọkọ̀ tiwa lọ. Ibì kan sọ pé ọ̀nà náà jìn tó 3,940 kìlómítà, ibòmíràn sọ pé ó tó 4,500. Bákan náà, bàálù tí mo wò máa gbéra ní aago 8:00 àárọ̀, á sì balẹ̀ ní aago 11:20, ṣùgbọ́n èyí tó ń bọ̀ láti ọ̀hún ní aago 11:00 àárọ̀ kò ní dé títí di aago 7:30 alẹ́. Kí ló fà á?

Ìdáhùn (Awòye)

Aago ìlú tí bàálù ti gbéra ni wọ́n fi ń kọ àkókò ìgbéra, aago ìlú tó ń lọ ni wọ́n sì fi ń kọ ti ìbalẹ̀. Wákàtí 3 ni Los Angeles fi wà lẹ́yìn New York, nítorí náà, nígbà tí ẹ bá balẹ̀ ní aago 11:20, aago 2:20 ọ̀sán ti lù ní New York. Wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 20 lẹ lò. Ẹ ṣírò àbọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i pé wákàtí 5 àti ààbọ̀ péré ni. Àbọ̀ ló yá ju àlọ lọ, afẹ́fẹ́ ló sì fà á: ní nǹkan bíi kìlómítà 10 sókè, níbi tí àwọn bàálù ńlá ti ń fò, afẹ́fẹ́ líle kan máa ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn, eré rẹ̀ sì lè ju 160 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Ó máa ń ti bàálù tó ń bọ̀ láti Los Angeles láti ẹ̀yìn, ó sì máa ń fa ọwọ́ èyí tó ń lọ síbẹ̀ sẹ́yìn. Ìgbà òtútù ló máa ń lágbára jù.

Ìdáhùn (Baba Ọlọ́kọ̀)

Ní ti ìjìnnà, òótọ́ ni iye méjèèjì. 3,940 ni ọ̀nà tó kúrú jù lọ lójú òfurufú. Ojú títì ní láti yí òkè po, kó sì gba inú ìlú kan bọ́ sí òmíràn, ìyẹn ló sọ ọ́ di nǹkan bíi 4,500. Wíwa ọkọ̀ nìkan máa ju wákàtí 40 lọ. Òfin Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí awakọ̀ akẹ́rù wa ọkọ̀ ju wákàtí 11 lọ kó tó sinmi fún wákàtí 10 léraléra. Òfin náà kò de ẹni tó ń wa ọkọ̀ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rọ̀ yín gidigidi pé kí ẹ má ṣe kọjá rẹ̀. Ẹ ya ọjọ́ 5 sọ́tọ̀ fún ìrìn náà.

Ìbéèrè (Ọmọ Arìnnà)

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ṣé a jẹ́ pé bàálù ló yá nígbà gbogbo nìyẹn?

Ìdáhùn (Awòye)

Kì í ṣe ìgbà gbogbo. Ẹ ka ìrìn dé pápákọ̀ òfurufú, àyẹ̀wò ẹrù, ìdúró kí wọ́n tó ní kí ẹ wọlé, àti dídúró de àpò nígbà tí ẹ bá balẹ̀ mọ́ ọn. Láti New York sí Philadelphia, tí kò ju nǹkan bíi 150 kìlómítà lọ, gbogbo ìyẹn á ti gba àkókò tí ọkọ̀ ilẹ̀ á fi débẹ̀. Sí Los Angeles, bàálù ni mo fara mọ́. Bí ẹ bá sì yan ojú títì, tí ẹ gba títì ńlá tí wọ́n ń pè ní Interstate 40, Flagstaff, ìlú kan ní Arizona tí ẹ máa gbà kọjá, ga ju 2,000 mítà lọ sí ojú òkun, yìnyín sì máa ń bo ojú ọ̀nà níbẹ̀ nígbà òtútù. Ẹ wádìí ojú ọjọ́ ibẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní Albuquerque, ìlú ńlá tí ẹ máa kọ́kọ́ kàn kí ẹ tó dé Flagstaff.