Agbárí mábù tí mo rí ní Dresden

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka tiyín lórí bí wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó gbẹ́ ère tí kò ní orúkọ lára. Tèmi rèé.

Jámánì ni mò ń gbé. Lọ́dún 2021, mo lọ sí Dresden torí agbárí kan ṣoṣo. Òkúta mábù funfun ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, kò sì tóbi ju orí èèyàn lọ. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ìlà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tí eegun orí fi so mọ́ra wọn wà níbẹ̀ kedere. Eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ tínrín débi pé àyà mi ń já kó má lọ kán. Lójú tèmi, ẹni tó gbẹ́ eléyìí ti gbé agbárí òkú lọ́wọ́ wò dáadáa.

Ó ti pẹ́ tó ti wà nínú gíláàsì láàfin Pillnitz, láàárín ẹrù ayé Róòmù àtijọ́, tẹ́nikẹ́ni ò bèèrè ta ló ni iṣẹ́ náà. Claudia Kryza-Gersch, tó ń bójú tó ère nílé ìṣẹ̀ǹbáyé níbẹ̀, ló fẹ́ lò ó fún àfihàn iṣẹ́ Caravaggio, ayàwòrán ará Ítálì ayé àtijọ́. Ìgbà tó rí i nítòsí ló mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀gá ló wà lára ẹ̀, ló bá lọ tú ìwé.

Ìwé ò sì dójú tì í. Lọ́dún 1728, Augustus, olórí Saxony, ilẹ̀ tí Dresden wà, ra ère lọ́wọ́ ìdílé Chigi ní Róòmù, àwọn tó bá a rà á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé agbárí olókìkí tí Bernini, ọ̀gá agbẹ́re ní Róòmù, gbẹ́ wà nínú wọn. Ọmọ Chigi ni Póòpù Alexander VII. Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn tí wọ́n yàn án ní 1655 ló ti gbéṣẹ́ agbárí àti pósí òjé fún Bernini! Nínú àwòrán Póòpù yìí tí Guido Ubaldo Abbatini yà, agbárí ọ̀hún wà lábẹ́ ọwọ́ ẹ̀.

Ó dùn mí pé ère kéékèèké ló máa ń bá irú èyí pàdé jù. Wọ́n rọrùn gbé, ibi tí wọ́n bá sì gbé wọn sí ló ń di orúkọ wọn. Ère Ewúrẹ́ Amalthea, ewúrẹ́ inú ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Gíríìkì, ní Galleria Borghese, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Róòmù, ńkọ́? Iṣẹ́ àtijọ́ ni wọ́n pè é, títí Roberto Longhi, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà, fi sọ ní 1926 pé Bernini ló gbẹ́ ẹ, nígbà tó ṣì kéré.

Ta ló ti rí ewúrẹ́ yẹn lójúkojú nínú yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí irun ara rẹ̀ ṣe rí fún mi.