Ijó aràn ni, kì í ṣe ìrìn aràn

Ẹ kú iṣẹ́ èdè o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ fún ìwé àwọn tó ń kọ́ bí a ṣe ń fi síkáànì wá aràn jàbùtẹ̀: "ìyàwòrán-ohùn" fún síkáànì, "ìrìn aràn" fún ohun tí wọ́n ń rí lójú ẹ̀rọ, àti "ipá" fún àpò ẹpọ̀n tó wú. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò lè gba ọ̀kankan nínú wọn.

"Ìrìn" ló burú jù. Ẹni tó bá rìn ti kúrò níbi tó wà. Aràn yìí, Wuchereria bancrofti tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, kì í kúrò bẹ́ẹ̀ nínú ìtẹ́ rẹ̀, ìyẹn inú iṣan tó ń gbé omi ara, kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹ yà á lónìí, ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ojú kan náà lẹ ó ti bá a, tó ń ká, tó ń lọ́, tó ń jùrù láìsinmi. Ohun tó ń rìn lójú ẹ̀rọ ni ẹ̀jẹ̀, àti ìfun tó bá sọ̀ wá sínú àpò ẹpọ̀n. Ẹ sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kó wá ìrìn, ìfun ló máa mú fún aràn! Lọ́dún 1994 ni àwọn oníṣègùn ní Recife, ní Bràsíl, fi hàn pé síkáànì lè rí aràn náà láàyè, ijó sì lorúkọ tó mọ́ ọn lára. Ẹnì kan ní kò sí ijó láìsí ìlù. Ta ló ń lùlù fún òkòtó tó ń jó lójú kan?

Orúkọ yìí ṣe pàtàkì nítorí bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò á fẹ̀yìn lélẹ̀, wọ́n á fi jẹ́lì tó pọ̀ sí i, wọ́n á sì lo orí ẹ̀rọ 7.5 MHz (ìwọ̀n bí ìró rẹ̀ ṣe ń yára gbọ̀n tó); èyí tí wọ́n fi ń wo ikùn aláboyún kò lè rí nǹkan tó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ibi tí okùn ẹpọ̀n ti ń gòkè ni wọ́n máa gbé e lé, kí ọwọ́ wá dúró jẹ́ẹ́. Ibẹ̀ niṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Bí ọwọ́ bá mì, gbogbo nǹkan á dà bíi pé ó ń jó. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù, iṣan á pa dé. Doppler, ọ̀nà tí síkáànì fi ń fi bí nǹkan ṣe ń lọ tó ń bọ̀ hàn, ló ń yanjú iyèméjì: ẹ̀jẹ̀ ń bá ọkàn lọ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, ti aràn kò ní ètò kankan. Ọkùnrin tí ohunkóhun kò tíì wú lára rẹ̀ lè ti ní ìtẹ́ yìí, kí iṣan rẹ̀ sì ti fẹ̀. Síbẹ̀, àìrí ijó kò ní kí á má gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárín aago 10 alẹ́ sí aago 2 òru, nígbà tí àwọn ọmọ aràn máa ń jáde.

Ó ku "ohùn". Ohùn jẹ́ ti ẹlẹ́nu, ìró ni ti ẹ̀rọ. Ìró tí etí kò lè gbọ́ ló ń rán wọlé, èyí tó bá padà wá ló fi ń ya àwòrán. "Àwòrán gbohùngbohùn" ni tèmi. Mo mọ̀ pé wọ́n á ní ohùn ṣì wà nínú rẹ̀. Ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n "gbà" ló ń ṣiṣẹ́, òun ni "ìyàwòrán-ohùn" sì gbàgbé.

Ní ti "ipá", agbára nìyẹn. Ìpá ni àìsàn, àmì ìsàlẹ̀ lórí ì. Àwọn àgbà wa sì fi orúkọ kan náà pe ìfun tó sọ̀ àti omi tó dá jọ, nítorí náà kí ìwé náà kọ "ìpá olómi" fún ti aràn.

"Oje ara" tí ẹlòmíràn mú wá fún omi inú iṣan kò tíì wọ̀ mí létí. Oje la mọ̀ mọ́ igi. "Omi ara" ni mo dì mú, bí àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé òógùn làwọn èèyàn máa rò. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó mú un wá.