Ọpọlọ kò gbẹ o: lórí «gbígbẹ-ọpọlọ» àti «aṣọ́yọ̀»

Ẹ̀yin ará tá a jọ ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún bí òùngbẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ lára, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ẹni wa ní Ṣágámù tó dábàá «gbígbẹ-ọpọlọ» fún ohun tí ọpọlọ ń ṣe nígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹni, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yẹn há mi lọ́fun. Ẹ tún wá kọ ọ́ ní «ọ̀pọ̀lọ́» lẹ́ẹ̀mejì! Ọ̀pọ̀lọ́ kì í fẹnu mumi rárá, awọ abẹ́ ikùn ló fi ń fà á. Ẹ fi àmì sọ́rọ̀ yín.

«Gbẹ» yẹn gan-an ni ìjà mi. Bí ọpọlọ bá ní láti gbẹ kó tó ké, òkú lolúwa rẹ̀. Ẹ gbé gàrí Ìjẹ̀bú sẹ́nu ní gbígbẹ, kẹ́ ẹ fi ẹ̀pà oníyọ̀ tì í. Iyọ̀ á wọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ki, á sì máa fa omi jáde lára sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn yàrá tíntìntín tó para pọ̀ di ara. Kíki náà ò tíì ju 1 sí 2 nínú 100 lọ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nísàlẹ̀ ọpọlọ fi máa súnkì díẹ̀, tí wọ́n á figbe ta. Òùngbẹ dé nìyẹn. Họ́mónù vasopressin, ìránṣẹ́ inú ẹ̀jẹ̀, náà á tú jáde, á ní kí kíndìnrín di omi mú. Ìdí tí ìtọ̀ fi ń pọ́n nìyẹn.

Odi tó sé ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọpọlọ kò sí níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí wà. Ẹnu ibodè ni wọ́n jókòó sí, tí wọ́n ń ṣọ́ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀. «Aṣọ́yọ̀» ni kẹ́ ẹ pè wọ́n: a-ṣọ́-iyọ̀, ìpajẹ fáwẹ̀lì ni, a pa «i» iyọ̀ jẹ bíi ti ibodè nínú aṣọ́bodè. Kí ló tún kù?

Ẹni tó ní ká fi «pa òùngbẹ» sílẹ̀ nítorí pé omi kì í pa nǹkan, «pa» náà ló tọ́. Ẹnu àti ọ̀fun ti ròyìn fún ọpọlọ, òùngbẹ á ti kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí omi tó kúnnú ẹ̀jẹ̀. Bí omi bá ti tó, ọpọlọ á mú kí gbígbé omi mì nira. Ẹni tó bá fi agídí dà á sí i, tí iyọ̀ sodium ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wá sábẹ́ 135 mmol (òṣùwọ̀n èròjà inú ẹ̀jẹ̀) nínú lítà kan, ọpọlọ rẹ̀ lè wú: orí fífọ́, èébì, gìrì.

Ti «òrùngbẹ» tí àwọn àgbà ń pe òùngbẹ, tí àwọn kan ní láti ara «ọrùn» ló ti wá: ọ̀fun ló ń gbẹ, kì í ṣe ọrùn. Ta ló sọ «ọ» di «o», ta ló sì gbé ohùn ìsàlẹ̀ lé e lórí?