Ṣé kí n yọ Windows 10 kúrò, kí n gbé Linux sí i?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kubwa, l'Abuja níbí, ni mo ń gbé. Mo ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ fún ọmọ mi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. RAM rẹ̀ (ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́) ò ju 4GB lọ, Windows 10 ló sì wà lórí rẹ̀. Tí mo bá tàn án láàárọ̀, mo lè po ògì tán kó tó ṣí.

Mo gbọ́ pé láti October 14, 2025 ni Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró. Mo gbìyànjú Windows 11, ó kọ̀, ó ní kò sí TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò kan tí Windows 11 ń béèrè) lára ẹ̀rọ náà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá ní kí n gbé Linux Mint (irú Linux kan, tó ń ṣiṣẹ́ dípò Windows) sí i, pé ọ̀fẹ́ ni, kò sì wúwo. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni iṣẹ́ ọmọ yìí. LibreOffice ló wà níbẹ̀ dípò Word. Tó bá kọ ọ́ tán, tí olùkọ́ rẹ̀ ṣí i nínú Word, ṣé àwọn tábìlì inú rẹ̀ ò ní dàrú? Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńkọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ti lò ó rí kó dá mi lóhùn. Àbí kí n kúkú ra RAM kún un?